Ìkéde Méjì Nílé Wa

Ìyá mi, Àtọ́kẹ́, jáde nílé ní Àrẹ̀mọ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò padà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí iyè wọn ti ń ra. Wọ́n lè fi orúkọ bàbá mi pè mí lónìí, kí wọ́n sì kí mi bí àlejò lọ́la. Káfíńtà ni mí ní Bẹẹrẹ. Bí mo ṣe gbọ́, mo ju ayùn sílẹ̀, mo sáré wálé.

Kí n tó débẹ̀, Sọ̀fíyàt ọmọ mi ti gbé ìkéde sórí fóònù. Fọ́tò Ìyá wà lókè, ó kọ Àlàájà Ràlíátù, orúkọ Mùsùlùmí wọn, sábẹ́ rẹ̀, ó fi nọ́ńbà wa sí i, ó sì bẹ gbogbo ayé kí wọ́n pín in títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ. Ó ní gbogbo Ìbàdàn ti rí i. Mo ní tí gbogbo Ìbàdàn bá ti rí i, Ìyá dà?

Inú ń bí mi ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ta ni kò mọ bí mọ́tò ṣe ń sáré ní Mọ́lété? A wá wọn débẹ̀, a wá wọn dé Màpó, a ò rí wọn.

Ìgbà tí ó rẹ̀ wá tí a jókòó ni mo rántí ìkéde tèmi. Ní kékeré, mo sọnù ní Ọjà'ba nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Bàbá sì sáré lọ sílé rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìkéde náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọdọọdún ni wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́, títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí: “Àkíbù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ ní Àrẹ̀mọ. Ó dúdú, ó léjí, ó ní àpá iná lọ́wọ́ òsì. Tó bá ń sunkún, ẹ fún un ní gúgúrú.” Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe bàtà ló gbọ́ ọ. Kò rí fọ́tò kankan, ó sì mọ̀ mí láàárín èrò.

Mo ní kí Sọ̀fíyàt gbé tirẹ̀ wá kí n fi wé e. Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ wo fọ́tò náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá ń dán bí àwo tánganran.

“Àbàjà wọn dà?”

“Fóònù ló máa ń tún ojú ṣe fúnra ẹ̀, Dádì. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti pa á rẹ́.”

Rédíò tí kò lójú ló júwe mi débi tí wọ́n fi rí mi. Fóònù tó lójú ló nu ojú ìyá mi kúrò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ohùn ara mi sọ ọ́ bíi ti rédíò: “Àtọ́kẹ́ lorúkọ wọn, ìyá ilé Alágbẹ̀dẹ ní Àrẹ̀mọ. Wọ́n kọ àbàjà mẹ́ta. Wọ́n ró àdìrẹ, bàtà ẹsẹ̀ wọn ò bára mu. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n ní Àlàájà, wọn ò ní dáhùn.”

Sọ̀fíyàt pín ohùn náà. Kò pẹ́ rárá tí aránṣọ kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùnọlá fi pè wá láti Bẹyẹrunkà. Nígbà tí a débẹ̀, Ìyá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ. Ó ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà lọ́dọ̀ òun. Mo bi í bóyá kò rí ìkéde wa àkọ́kọ́ ni.

“Mo rí i, sà. Èmi gan-an bá yín pín in, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Màmá inú fóònù ò kọlà.”

Sọ̀fíyàt bú sẹ́kún. Ẹ̀bùnọlá na fóònù náà sí Ìyá, Ìyá wò ó títí, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ta ni wọ́n ń wá yìí? Ẹ tètè bá wọn wá a o, ọkàn àwọn èèyàn ẹ̀ ò ní balẹ̀.”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà,” ni Sọ̀fíyàt wí.

Wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

“Irọ́ ni. Èmi kọlà.”