Sípánà Ìyàwó Mi

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá ilé ìwé abúlé wa, Pipariya, tí mo ń fọ ṣálángá rẹ̀, tí orúkọ mi kò sì sí nínú ìwé ìjọba kankan. Bí wọ́n bá kórè, wọn a fún mi ní àlìkámà díẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ bẹ Gajraj, baálẹ̀ wa, pé kó bá mi sọ ọ́ di iṣẹ́ olówó oṣù, lọ́dọọdún ló sì ń sọ pé òun máa rí sí i. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ránṣẹ́ pè mí pé iṣẹ́ agbálẹ̀ ti dé, iṣẹ́ ìjọba gidi, tó ní owó ìfẹ̀yìntì, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níwájú rẹ̀.

“Orúkọ ìyàwó ọmọ rẹ ni mo máa kọ síbẹ̀, torí ìwọ ti darúgbó,” ó wí. “Kó kàn lọ dá sípánà yẹn padà fún àwọn tó fún un. Kò bójú mu kí obìnrin máa gun ẹ̀rọ omi káàkiri.”

Sukhdei, ìyàwó ọmọ mi, ló ní lọ́kàn. Ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì ní Punjab lọ́nà jíjìn, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn obìnrin kan wá láti ìlú, wọ́n kọ́ àwọn ìyàwó àdúgbò wa, àwa oníṣẹ́ awọ tí wọ́n kà sí aláìmọ́, bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ omi tí à ń fọwọ́ fà ṣe, wọ́n sì fún wọn ní sípánà. Mo rò pé eré ni. Àfi bí ọmọbìnrin tí kì í gbóhùn sókè nínú ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí girísì dé ìgúnpá rẹ̀. Sípánà ló máa ń kọ́kọ́ fọ̀ kó tó bọ́jú ara rẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú.

Mo délé, mo ròyìn ayọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Màmá, mi ò ṣe.”

“O ò ṣe kí ni? Iṣẹ́ ìjọba!”

“Iṣẹ́ tí wọ́n ti yàn fún wa kí wọ́n tó bí wa ni. Ẹ gbọ́, Màmá. Tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, tí mo tú u, tí mo rí ohun tó ń ṣe é, tí omi wá jáde, ara mi máa ń yá gágá. Kò sóhun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ìgbéyàwó mi.”

“Ọmọ mi lò ń bú yẹn!”

“Mi ò bú u. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo bínú. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù Jeth la wà, oṣù tí oòrùn ń sun ilẹ̀ títí á fi là. Ẹ̀rọ omi àdúgbò àwọn Thakur, àwọn ọlọ́lá tí baálẹ̀ wà lára wọn, ló wá kọṣẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan nílùú, kò wá. Àwọn obìnrin wọn ń rìn lọ sódò. Tiwa ń yọ omi, ṣùgbọ́n wọn kì í mu omi ibi tí ọwọ́ wa bá kàn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Gajraj gun alùpùpù wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sọ̀ kalẹ̀.

“Kí ìyàwó rẹ wá kí ilẹ̀ tó mọ́. Kó tún un ṣe, kó tètè máa lọ. A máa sọ pé ọkùnrin ìlú ló wá. Àlùfáà òrìṣà á fi omi odò mímọ́ Ganga wẹ irin náà mọ́.”

Mo ti ya ẹnu láti dúpẹ́ nígbà tí Sukhdei sọ̀rọ̀ látinú ilé.

“Èmi kì í ṣe olè, Baálẹ̀. Ọ̀sán gangan ni màá wá, èmi àtàwọn obìnrin méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó rí ẹni tó tún un ṣe.”

“Ẹ gbàgbé iṣẹ́ agbálẹ̀ nìyẹn o!” Ó yí alùpùpù padà, ó da eruku bò mí.

Mo bú ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀. Mo tẹ̀ lé e, kí n lè rí ibi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Tí obìnrin wa bá ń kọjá ní àdúgbò wọn, ọwọ́ ló máa ń kó bàtà sí. Mo bọ́ tèmi. Sukhdei kò bọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó lábẹ́ dongoyárò, wọ́n ń wò wá. Àlùfáà dúró pẹ̀lú ìkòkò idẹ omi Ganga rẹ̀.

“Fi aṣọ bojú níwájú àgbà!” Gajraj jágbe.

“Baálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi tiyín bojú, kí ẹ wá wo inú páìpù yìí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yí i sí ikọ́. Sukhdei ká ìbòrí rẹ̀ sí ìdí, ó gun orí ẹ̀rọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í fa irin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jáde. Wáṣà ìdí rẹ̀, òrùka tó ń ti omi sókè, ti ya. Sukhdei jù ú sílẹ̀.

“Tó bá parí, kí wọ́n sún sẹ́yìn,” ni àlùfáà wí, “kí n lè wẹ gbogbo ibi tí ọwọ́ wọn kàn.”

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú wáṣà náà. Ọgbọ̀n ọdún ni olóògbé ọkọ mi fi gé irú rẹ̀ níwájú ilé wa.

“Àlùfáà, ẹ mọ èyí? Awọ ẹfọ̀n ni. Ọkọ mi ló ń fá a, òun ló ń gé e, tó ń kó o fún ọ́fíìsì omi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ẹ̀rọ yìí, inú awọ tí ọwọ́ wa gé ni omi tí ẹ fi ń wẹ òrìṣà ń gbà jáde. Ẹ wẹ ìyẹn náà mọ́!”

Sukhdei mú wáṣà tuntun látinú àpò, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

“Awọ náà ni,” ó wí. “Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n fi sí i, àbí kí n máa lọ?”

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Gajraj, arúgbó tó jù mí lọ, ló jáde látinú ilé, ó gbé korobá dání.

“Fi sí i, ọmọ,” ó wí. “Àwọn tí kò ru omi rí ló ń wádìí awọ.”

Sukhdei fi sí i. Wọ́n to irin náà padà, ó fà á ní ogójì ìgbà, korobá kún, ó ṣàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bu omi sọ́wọ́, ó mu ún, lẹ́nu ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọwọ́ kàn rí. Ó bọ́jú, kò kánjú. Ìyá arúgbó dúró títí ó fi ṣe tán, ó sì gbé korobá tirẹ̀ síbẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ń wo ìyàwó mi, ọkàn mi kún, ojú sì tì mí fún gbogbo èébú tí mo bú u.

Gajraj fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ó dáa, a ti gbọ́,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Iṣẹ́ agbálẹ̀ yẹn ṣì wà nílẹ̀. Kó dá sípánà padà lọ́la, màá kọ orúkọ rẹ̀.”

Mo wo Shivpal, ọmọ rẹ̀, tó nà gbalaja sórí ibùsùn níta pẹ̀lú fóònù. Ó ti jáde ní yunifásítì láti ọdún mẹ́fà, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń dúró dè.

“Baálẹ̀, ẹ fún Shivpal,” mo wí, mo sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tó tò sídìí omi gbọ́. “Iṣẹ́ ìjọba ni, ó ní owó ìfẹ̀yìntì. Kó wá bá mi láàárọ̀ ọ̀la, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ ṣálángá.”