Àgbọn Aníwúrà

Ọ̀nà tó la erékùṣù kékeré náà já kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, ó tutù lẹ́sẹ̀, àgbàlagbà pàápàá lè rìn ín láìmí hẹlẹ. Lérè, gáàdì igbó ìjọba, ọmọ Ìkọ̀yà, ló ṣíwájú nínú ṣòkòtò kaki. Àrìnkẹ́ àti Sàídátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ má já ewé kankan o," Lérè wí. "Bí Ọlọ́run ṣe dá igbó yìí náà ló wà. Èèyàn kankan ò gbé ibí rí."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Àrìnkẹ́ lọ́dún 1955, nígbà tí ìjọba kó ìdílé mẹ́sàn-án, tiwọn pẹ̀lú, kúrò lórí erékùṣù yìí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò tẹ ibẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ Lérè mì, ó ń wo ẹyẹ, ó ń gba atẹ́gùn ọ̀sà sára, títí wọ́n fi dé ìdí igi àgbọn mẹ́ta. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Kí ni ọ̀dà yìí wà fún?" Àrìnkẹ́ béèrè.

"Wọ́n á gé wọn lọ́jọ́ Ajé. Àgbọn kì í ṣe igi ibí. Omi ló gbé èso wọn wá."

"Omi? Ṣé omi náà ló tò wọ́n báyìí, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá sáàárín wọn?"

Sàídátù bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Lérè, omi yín mà kàwé o!"

"Ohun tí ọ̀gá wa sọ ni mo ń sọ," Lérè dáhùn, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ gbọ́ tèmi náà. Ìwọ́ mi ni wọ́n sin síbí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kí wọ́n tó gbin àgbọn lé e. Ti Benedict ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Àrìnkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi kẹta. "Ti Aníwúrà àbúrò mi rèé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà pa á. Ìyá mi ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Igi yìí nìkan ló lè tọ́ka sí pé òun bí i. Ẹ ó wá gé e, ẹ ó ní omi ló gbé e wá!"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Sàídátù. Lérè ṣí fìlà.

"Tó bá jẹ́ èèyàn ló gbìn ín," ó wí, "òfin ò gbà wá láyè láti gé e láìgbọ́ tẹnu ẹni tó ni ín. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé."

"Kí lẹ wá ń wò? Ẹ kọ ọ́!"

Lérè fa ìwé yọ lápò, ó kọ ìlà kan, ó pa á dé, ó dorí kọ ibi ọkọ̀ ojú omi wọn.

"Ẹ jẹ́ n kà á."

"Ṣé ẹ mọ̀wé ni?"

"Gbé e wá!"

Àrìnkẹ́ kà á: *Wọ́n ní èèyàn gbé ibí rí.*

"Wọ́n ní? Ta ni wọ́n? Èmi tí mo dúró níwájú rẹ yìí?" Ó gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa igi lé "wọ́n ní" títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta tó ni àgbọn náà sísàlẹ̀, ó da ìwé náà padà fún un.

"Ó yá, buwọ́ lù ú."

Lérè wo ojú rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.