Lẹ́tà Kọkànlélógójì

"Adìẹ!" Oyinkán ju lẹ́tà náà sórí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ń ju bọ́ǹbù káàkiri ayé, adìẹ tó yé ẹyin mẹ́ta ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́!"

Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò yé Màmá Keane. Ará Ireland ni ìyá náà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí Oyinkán ti ń ṣiṣẹ́ ní Toronto. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí yàrá kékeré láàárọ̀ yẹn, àpótí kan péré ni wọ́n sì ní kó mú dání. Nínú gbogbo ẹrù rẹ̀, bébà àtijọ́ ló yàn: àwọn lẹ́tà tí Nóra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí i láti ilé sókè òkun níbi tó wà nígbà ogun Hitler.

"Tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra," ni ìyá náà wí.

Oyinkán ń tò wọ́n tìkanratìkanra. Òjò. Adìẹ. Òjò. Bọ̀dá Akíndúró, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, gan-an nìyí! Olùkọ́ ni lábúlé kan ní Kwara, níbi tí àwọn agbébọn ti lé ìdajì ará ìlú lọ. Oyinkán bẹ̀ ẹ́ títí kó kó lọ sí Ìbàdàn, olóríkunkun kọ̀. Dípò kó sọ bí nǹkan ṣe rí, àwòrán òdòdó ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láràárọ̀: "Ẹ kú ojúmọ́. Olúwa yóò ṣọ́ wa." Òdòdó burúkú, tó ń dán yinrin-yinrin. Nígbà tó sú Oyinkán, ó tì í sí kọ̀rọ̀ fóònù níbi tí kò ti ní máa dún sí i létí.

"Ogójì. Méjìlélógójì. Màmá, ọ̀kan ò sí níbẹ̀ o. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ nù."

"Inú òkun ló wà. Wọ́n ri ọkọ̀ tó gbé e."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Adìẹ, bóyá." Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ka adìẹ sí? Nọ́ńbà ni mò ń wò. Bí ọ̀kan bá ti fò, n kì í lè sùn títí òmíràn á fi dé."

Oyinkán fẹ́ pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbé àwọn lẹ́tà náà sílẹ̀. Ó mú fóònù jáde, ó wá Bọ̀dá Akíndúró kàn. Òdòdó pupa, òdòdó funfun, oṣù méje gbáko, kò fo ọjọ́ kan. Ó wá wo ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn wọlé.

Ó pè é, kò lọ. Ó tún un pè. Ó wá mú èyí tó burú jù nínú àwọn òdòdó náà, ó fi í ránṣẹ́ padà: "Ẹ kú ojúmọ́, Bọ̀dá mi." Àmì kan ṣoṣo ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń retí ìkejì, tó máa fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò yọ.

Ìyá náà ti ń wo ojú rẹ̀ bọ̀. "Ọjọ́ mélòó?"

"Mọ́kànlá, Màmá," ni Oyinkán dáhùn, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn lẹ́tà náà.