Àwọn Agẹmọ Uncle Àjíṣafẹ́

Ìgbà kẹta tí Uncle Àjíṣafẹ́ wá ra agẹmọ lọ́wọ́ mi, mi ò tà á fún wọn. Mo parọ́ pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan wà lẹ́yìn mi nínú àpótí onígíláàsì, tó ń yí ojú kiri. Uncle rí i. Wọ́n wò mí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì Peckham.

Surrey Quays ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn tó ní ẹ̀ka káàkiri ìlú ọba. Ejò, alángbá, ìjàpá, gbogbo rẹ̀ là ń tà bí ẹni ń ta bisikíìtì. Uncle ló kọ́ mi ní kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn náà ló ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ mọ́ṣáláṣí wa ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: àgbàlagbà Yorùbá tó ń dá gbé, tó fẹ́ ra agẹmọ kẹta láàárín oṣù mẹ́rin, tó ní méjì àkọ́kọ́ ti kú. Kí lẹ máa rò? Oògùn ni mo rò. Mo tún wá ń ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

Mo sọ fún Mummy mi, ẹnì kan péré. Mummy náà sọ fún ẹnì kan péré. Ẹyin lohùn, kó tó di Jímọ̀ kejì, ó ti fọ́ yángá. Nínú ọmọ mọ́kàndínlógún tó ń kéwú lọ́dọ̀ Uncle, kò sí ẹyọ kan tó yọjú ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún Uncle.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iléeṣẹ́ wa rán Jethro, oníṣègùn ẹranko, wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ń ta àwọn ẹran yìí fún ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ ká mọ̀ nípa wọn. Jethro ní agẹmọ kì í sábà mu omi inú abọ́. Ìrì orí ewé ló ń lá. Béèyàn ò bá fín omi sí ewé fún un lójoojúmọ́, òùngbẹ lè pa á pẹ̀lú abọ́ omi níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Uncle bi mí bóyá abọ́ ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní ó tó, mo tún bá wọn mú èyí tó rẹwà.

Mo lọ sílé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Abọ́ náà ṣì wà nínú àpótí tó ṣófo. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti omi àti ti oògùn. Uncle wá sọ pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé ní Ìṣẹ́yìn, àwọn àgbà kì í jẹ́ káwọn sún mọ́ agẹmọ, ẹ̀rù ni wọ́n fi ń lé àwọn sẹ́yìn. Àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú rí ojú tí Ọlọ́run dá, tí ọ̀kan ń wo iwájú tí èkejì ń wo ẹ̀yìn. Àwọn ń dúró kí ara agẹmọ náà mókun káwọn tó gbé e lọ hàn wọ́n.

"Hameedah," Uncle ní, "ṣé o ò lè bi mí ni?"

Ẹkún ni mo ń sun.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo ṣàlàyé. Mummy mi ń fa ìborùn mi kí n jókòó. Aunty Kúbúrá, tí ọmọ wọn mẹ́ta ń kéwú lọ́dọ̀ Uncle, béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Mo ní èmi ni. Àwọn obìnrin náà dárí jì mí, wọ́n tiẹ̀ yìn mí pé mo láyà. Inú mi ti fẹ́ máa dùn kí Aunty Kúbúrá tó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"You did well, my dear," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ yẹn, a ti register wọn sí kíláàsì kéwú ti New Cross. Kò sí wàhálà o. Just in case."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí kíláàsì. Uncle ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ọmọ mọ́kàndínlógún náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n yára dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ni wọ́n rí.