Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ fọwọ́ sí i?" Akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì yí fọ́ọ̀mù náà padà, ó tì í gba abẹ́ gíláàsì.

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Orúkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ òfin tó ti ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láti ọdún mẹ́ta ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdánwò sì ku ọjọ́ mẹ́fà.

"A kọ lẹ́tà sí yín," ni akọ̀wé wí. "Òfin wa ni pé tẹ́ ẹ bá yí èrò padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ó dá yín padà. Àná ló pé."

"Mi ò rí lẹ́tà kankan."

"Ẹnì kan gbà á nílé yín."

Kò béèrè ẹni náà. Ó ti rí bí ìrù "g" ṣe ká sókè bí ìwọ̀ ẹja nínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú.

Akọ̀wé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀nà kan ló kù. Ẹ lọ búra ní kóòtù pé lẹ́tà ò dé ọwọ́ yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó fi í pamọ́. Ẹ mú un wá kó tó di aago mẹ́rin òní."

Kóòtù gan-an ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ní fèrèsé tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹjọ́. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé tó ń sọ fáwọn èèyàn pé ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé wọn.

Ilé ló kọ́kọ́ gbà lọ. Bàbá wọn ń sùn lórí àga, apá tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú wà lórí ìrọ̀rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ aṣọ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

"Àǹtí, lẹ́tà mi dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi." Áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jókòó ti Dádì lálaalẹ́ kí ìwọ lè máa lọ kíláàsì. Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ báyìí. Ó kàn mí."

"Ẹ ò wá lè sọ fún mi?"

"Wàá ní rárá ni. Mo ní tí ọjọ́ bá ti kọjá, ọkàn ẹ á balẹ̀. Ìwọ náà ṣáà lo sọ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ni."

Òun ló sọ ọ́ lóòótọ́. Nídìí oúnjẹ ni, tó ń ṣàlàyé bí òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe jọ ti kóòtù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó bi í pé ṣé láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá délé ni wọ́n ti ń kà á. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó fara balẹ̀ dá a lóhùn bí olùkọ́; ó rò pé ẹ̀kọ́ òun ló wu ẹ̀gbọ́n òun.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ikú ilé a máa lọ aṣọ.

"Ṣé o ti jẹun?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

Àbúrò kọjá sídìí báàgì náà. Ó ṣí báàgì, ó mú lẹ́tà rẹ̀, ó jáde.

Aago mẹ́ta ti lù nígbà tó dé kóòtù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iwájú fèrèsé ló dúró sí. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fa ìwé ìbúra yọ. Ó kọ orúkọ, ó kọ déètì.

"Ẹni tó gba lẹ́tà náà ńkọ́?"

Ó dárúkọ rẹ̀.

"Kí ló jẹ́ sí yín?"

Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti bi í ní irú ìbéèrè yìí nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "ìyá mi" ló ń kọ sí i. Kò sẹ́ni tó jà á níyàn rí. Ọkùnrin náà gbé bírò dúró, ó ń dúró dè é.

"Ẹ kọ ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbọ́wọ́ sókè, ó búra pé òótọ́ ni.