Ọkùnrin Tí Ìjọba Ní Kò Gbé Ilé Ara Rẹ̀

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá kan gbá ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi gbàgàgbàgà. Royce ni orúkọ rẹ̀. Èmi àti òun ni a jọ lọ sí iléèwé. Ìwé ìṣirò mi ló ń wò kọ títí ó fi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, Cleotha Pinkney, yọjú pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé tó fi sùn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni Cleotha Pinkney?" ni Royce wí, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló jẹ ẹja díndín wa ní àjẹpọ́nnulá ní Sátidé tó kọjá.

"Royce, kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, Bọ̀dá. Ẹ sáà dá mi lóhùn. Ṣé ibí lẹ̀ ń gbé?"

"Ibo lo rò pé mo ti ń jáde bọ̀ báyìí? Inú kànga?"

"Ẹ bá mi tọwọ́ bọ ibí."

Ẹ̀gbọ́n mi tọwọ́ bọ̀wé. Royce náà tọwọ́ bọ̀wé, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, ó fi ẹ̀dà kan àti lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ. Cleotha já lẹ́tà náà. Ìgbìmọ̀ ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Tarpley, ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, ló kọ ọ́. Wọ́n ní ìwádìí fi hàn pé kò sí ẹnì kankan tó ń jẹ́ Cleotha Pinkney nínú ilé náà. Wọ́n ní bó bá dá a lójú pé òun wà níbẹ̀, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé olùdìbò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ẹ̀rín pamọ́. Ọ̀nà ṣì jìn.

Ó pè mí lórí fóònù. "Vernell, ìgbà wo lo rí mi kẹ́yìn?"

"Lánàá, ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣé mo wà láàyè?"

"Ẹ ń sùn, àmọ́ ẹ ń hanrun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Ọ̀nà Sawmill tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, baba ńlá wa Moses Pinkney ló ra ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Kò ṣèwé ìhágún. Àwọn bàbá wa kò fọkàn tán kóòtù, torí kóòtù ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà gbogbo ọmọ-ọmọ ló ni ilẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó ni ín. Orúkọ Moses ló ṣì wà lórí ìwé. Orúkọ màmá wa ló wà lórí ìwé iná mànàmáná, màmá tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ta ló fẹ́ lọ yí i padà? Bíi kéèyàn tún òkú ìyá rẹ̀ sin lẹ́ẹ̀kejì ni. Ní ti lẹ́tà, ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ kò lè wọ ọ̀nà ibẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, torí náà ṣọ́ọ̀bù Hosea tó wà ní oríta ni gbogbo lẹ́tà àwọn ará ibẹ̀ ń já sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí kí wọ́n tó bí mi.

Ní oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ ìdìbò fi káàdì ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì ilé ni wọ́n kọ sára wọn, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù Hosea, nítorí náà káàdì Ọ̀nà Sawmill padà sí ọ́fíìsì ní odindi, mẹ́tàdínlógójì. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Harlan Stroud, tó ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fẹsẹ̀ kan Ọ̀nà Sawmill rí láyé. Ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó gbé kọ̀mpútà lé itan, ó fẹ̀sùn kan gbogbo àwọn mẹ́tàdínlógójì náà pé wọn kò sí níbi tí wọ́n wà. Òfin Jọ́jíà gbà á láyè. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Stroud kò wolé o, orúkọ ló wá gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló wá kan Cleotha tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo orúnkún òsì rẹ̀. Ìjọba wa gbé e lọ sí Ìráàkì láti lọ kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dìbò. Wákàtí mọ́kànlá ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé kan pẹ̀lú ìbọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa dí olùdìbò lọ́wọ́. Orúnkún náà kò tẹ̀ dáadáa mọ́ láti ìgbà yẹn. "Ohun tí mo mú bọ̀ láti ogun nìyí," ló máa ń wí. "Orúnkún yìí, àti ìbò mi." Kò tíì pa ìbò kan jẹ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi bọ́ọ̀sì ìjọ gbé e lọ sí ilé ìjọba. Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni bisikíìtì. Bisikíìtì lórí tábìlì, òdòdó nínú ìgò! Ìyáàfin Beasley, alága ìgbìmọ̀, kun ètè bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Àṣé àlejò wà nílé. Wáṣíńtìnnì kó àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò márùn-ún wá láti ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n wá wo bí àwọn tó mọ ìbò dì ṣe ń dì í. Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb, tó kó wọn wá pẹ̀lú ayàwòrán kan tó gbé kámẹ́rà, ní ilé ìjọba wa rẹwà nínú fọ́tò, ìyẹn ló jẹ́ kí òun yan Tarpley.

Ẹni tó bá ní òun máa dá wa láṣọ, ọrùn rẹ̀ là ń wò. Mo wo ọrùn Whitcomb. Táì wà níbẹ̀. Mo wo àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Pinkney," ni Ìyáàfin Beasley wí, "ìwé ilẹ̀ yín dà?"

"Òun rèé. Moses Pinkney lorúkọ tó wà lórí ẹ̀."

"Ṣé Moses lè wá jẹ́rìí?"

"Ó kú ní 1931, mà. Àmọ́ ẹ rán Royce sí i, ó máa ń rí èèyàn bá nílé."

"Ìwé iná ńkọ́?"

"Orúkọ màmá mi ni."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moses."

"Ìwé ìwakọ̀?"

"Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù Hosea ló wà lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ń gbà dé ọwọ́ wa."

Stroud fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ! Ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láàárín ẹja inú agolo àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ibẹ̀ tù mí lára."

Nígbà náà ló wá fa ìwé Royce yọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni fa ehoro yọ nínú fìlà. Ìwé tí ọlọ́pàá ìjọba fọwọ́ sí, pé òun bá Cleotha Pinkney nínú ilé náà ní aago méje òwúrọ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Ó tán, àbí kò tán?

Kò tán. Ìyáàfin Beasley yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. "Ìwé yìí fi hàn pé a bá yín nílé. Kò fi hàn pé ẹ̀ ń gbébẹ̀. Wọ́n lè bá àlejò náà nínú ilé."

"Àlejò wo ló ń fọyín ní aago méje pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé?"

"Ó sinmi lórí irú àlejò," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Gbogbo iyàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i bó ṣe ń fọwọ́ nu ojú orúnkún yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìgbà náà ni obìnrin kan láàárín àwọn àlejò náwọ́. Ó fi ìborùn aláwọ̀ eérú bo irun rẹ̀. Ìyáàfin Suhaila ni wọ́n ń pè é, ará Ìráàkì sì ni.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "bí kì í bá ṣe òun ló ń gbé ilé yẹn, ta ni?"

Stroud tún fò dìde.

"Kò sí ẹnì kankan," ni Stroud wí.

"Ẹ rán ọlọ́pàá sí ilé tí kò sí ẹnì kankan, kó lọ bá ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó sọ fún un pé kò sí níbẹ̀?" Kò gbóhùn sókè. "Nílùú wa nígbà yẹn, ìwé tí a fi ń gba ìyẹ̀fun àti epo ni wọ́n fi kọ orúkọ olùdìbò. Ẹni tó ti gba ìyẹ̀fun, ó wà láyé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ìyá ta ló sanwó iná."

Ìyáàfin Beasley wo kámẹ́rà. Kámẹ́rà wo Ìyáàfin Beasley. Ìgbìmọ̀ náà fi ohùn méjì borí ẹyọ kan: orúkọ Cleotha Pinkney yóò padà sínú ìwé, kíá. Àwọn mẹ́rìndínlógójì yòókù, wọ́n di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó.

Whitcomb ti rí fìlà ológun tí wọ́n kọ Ìráàkì sí lórí ẹ̀gbọ́n mi. Ó fò bí ẹni tí iná jó. "Ará Ìráàkì! Sójà tó ṣọ́ àpótí ìbò wọn! Ẹ sún mọ́ra, ẹ sún mọ́ra, ẹ gbára yín mú!"

Èmi gan-an ti yọ ańkáṣífù. Mo ti múra ẹkún ayọ̀.

"Ìlú wo lẹ wà?" ni Ìyáàfin Suhaila bi í.

"Baquba, mà."

"Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn. Ọmọ Samarra ni mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò, àwọn sójà yín fọ́ ilẹ̀kùn wa. Wọ́n fi àpò bo bàbá mi lórí, wọ́n mú wọn lọ. Ìdìbò dé, orúkọ bàbá mi wà nínú ìwé, ó pé pérépéré. Àwọn gan-an ni kò sí nílé. Ọdún kan àtààbọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. "Mo fọ́ ilẹ̀kùn ní Baquba. Mẹ́sàn-án tí mo rántí. Mi ò mọ ìdí tá a fi fọ́ ìkankan nínú wọn."

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀!" ni Whitcomb wí. Kámẹ́rà sì kọ mànà.

Mo dá ańkáṣífù padà sínú àpò. Orílẹ̀-èdè tó la òkun kọjá lọ fọ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn kó lè kọ́ wọn níbò, ó tún padà wálé wá sọ fún ẹni tó rán níṣẹ́ pé kò nílẹ̀kùn!

Níbi tí a ti ń wo fọ́tò, a kò wo Stroud. Tàkà, tàkà, tàkà, ó ń tẹ kọ̀mpútà.

"Alága," ló wí, "ọ̀gbẹ́ni yìí ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí ìwé ìwakọ̀ òun. Ẹ̀sùn tuntun ni mo ń kọ báyìí."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a láre!" ni mo pariwo.

"Nínú ẹ̀sùn àkọ́kọ́," ni Ìyáàfin Beasley wí. "Òfin kò dá iye sí i."

"Ìgbà wo lẹ máa gbọ́ ẹ̀sùn tuntun?"

Ó ṣí kàlẹ́ńdà. "Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìdìbò."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀, tí kò ní lè dìbò mọ́?"

"Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó fọwọ́ sí i, tó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ o. Iyàrá tí wọ́n ti ń dìbò ṣáájú ọjọ́ ìdìbò wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn rìììì.

"Bọ̀dá! Ẹ sáré!"

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, ó ré ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá bí ìgalà tí ajá ń lé. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wà lórí ìlà. Mo ké sí wọn pé, "Stroud ń bọ̀!" Mi ò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà là sí méjì bí Òkun Pupa. Lẹ́yìn wa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní bébà tán. Stroud ń wá bébà, ó ń pe Ọlọ́run ní ohùn tí Ọlọ́run kì í dáhùn. Ó rí bébà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ sí i. Bí akọ̀wé ṣe ń sáré wọlé pẹ̀lú ìwé náà lókè orí ni ẹ̀rọ ìdìbò gbé ìbò ẹ̀gbọ́n mi mì, kọ́lọ́.

Àwọn ará ìlà hó yèè. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Mo bá a lórí àtẹ̀gùn níta, ó ń fọwọ́ ra orúnkún, ojú rẹ̀ le koko. Ìyáàfin Suhaila na ìgò omi sí i. Whitcomb gbá ọwọ́ obìnrin náà mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlà ìdìbò ò jìnnà síbí. Òfin kò gbà kí a fún ènìyàn lómi nítòsí rẹ̀."

"Kí ló wà nínú omi?" ni Ìyáàfin Suhaila bèèrè.

"Omi ni, mà. Òfin ni."

Cleotha gba omi náà, ó mu ún tán, ó fi ìgò lé Whitcomb lọ́wọ́. "Vernell, wa ọkọ̀. Ojúlé mẹ́rìndínlógójì ló kù."

Bí gbogbo Ọ̀nà Sawmill ṣe jáde sórí ilẹ̀ pupa ní Sátidé nìyẹn. Cleotha fi súfèé sẹ́nu bí ọ̀gá ológun. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni Stroud fi tẹ ìwé rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ yẹn, tòun ti bébà tó tán. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dájú pé bébà á ti wà nínú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dá láre gbọ́dọ̀ ré ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá kí Stroud tó fọwọ́ síwèé. A fi okùn wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sórí ilẹ̀. Díákónì sáré. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sáré, bàtà rẹ̀ kan fò sínú kòtò. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wọn.

Ó wá kan Màmá Lovie, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Hosea gbé àga onítáyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, ó gbé màmá lé e, ó tì wọ́n, tòun ti fìlà ìsìn wọn. Àga náà ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òkúta.

"Mo rin máìlì mọ́kànlá nígbà tí mo wà lọ́mọge kí n tó forúkọ sílẹ̀," ni Màmá Lovie wí nígbà tí wọ́n dúró. "Wọ́n tutọ́ sí mi lára lójú ọ̀nà. Mo nù ún, mo ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé màá tún sáré."

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀.

"Cleotha, mélòó ni mo lò?"

"Ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́wàá, Màmá."

Màmá Lovie tutọ́ sílẹ̀ pùà. Wọ́n fa fìlà wálẹ̀ dé iwájú orí, wọ́n di apá àga mú ṣinṣin.

"Hosea, dá mi padà síbẹ̀rẹ̀."