Sípíkà Tí Kì í Gúnyán

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí n tó bọ́ aṣọ pàápàá, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìtapàjí. Jọ́ọ̀sì ni mo ti ń pè wọ́n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbé mi lọ nígbà tí irun mi ṣì dúdú, ibẹ̀ náà ni mo fẹ̀yìn tì sí, òtútù ibẹ̀ sì ti mọ eegun mi dáadáa. Ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ ti tú ká. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ ohùn mi kó tó di ohùn ọkùnrin ni Alice, ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ṣọlá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ṣàkíyèsí pé ìdáhùn wọn ń kúrú sí i. Mo ní òjò ti pọ̀ jù ní Jọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Àmín o." Mo ní orókún ń dùn mí, wọ́n ní, "Àmín, àṣẹ." Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Àmín lórúkọ Jésù."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ò wá mọ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni, pé wọ́n ń fi àmín lé mi. Mo bá di ẹrù, mo wọkọ̀, ó di ilé.

Pálọ̀ ni mo bá wọn. Wọ́n fa àpótí ìjókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń yáná. Ràfíátù, aládùúgbò wa, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èmi àti Ràfíátù jọ bẹ̀rẹ̀ ìwé ni nílùú yìí, ọkọ rẹ̀ ló sì kọ́ ilé tó kángun sí tiwa. Fíìmù ni wọ́n ń wò. Ọkùnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló wí?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

Ràfíátù fa ìbòrí rẹ̀ kúrò lẹ́nu kí wọ́n lè rí ètè rẹ̀, ó pariwo: "Ó ní kí obìnrin náà dá ewúrẹ́ òun padà!"

Kò sí ewúrẹ́ kankan nínú fíìmù náà. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé. "Nítorí ewúrẹ́! Ọkùnrin òde òní ò mà lójútì."

Ìgbà náà ni Ràfíátù rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Dáre! Ṣé ojú ẹ rèé? Má wò mí bẹ́ẹ̀ o. Èmi tí mò ń túmọ̀ gan-an, mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ń wí. Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ayé ìsinsìnyí, ẹ̀yìn lẹnu wọ́n wà. Ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ra, a ya ara wa, a tún dì mọ́ra. Nígbà tí ara rọlẹ̀, mo fẹnu sún mọ́ etí wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kì í gbọ́ mi lórí fóònù ni?"

"Mo ń gbọ́ pé ìwọ ni," wọ́n ní. "Ohùn rẹ ń dé. Ọ̀rọ̀ ni kì í dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí n máa ní kí lo wí, kí n tún ní kí lo wí, títí owó á fi tán nínú fóònù rẹ? Àmín ò kúkú ṣe ẹnikẹ́ni níbi."

Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní etí náà ti dàgbà, àmọ́ kò kú. Pé kì í ṣe ariwo ló ń fẹ́, ọ̀rọ̀ tó là ketekete ni. Ó mẹ́nu ba ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi bọ etí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìyẹn o! Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì bo etí. "Lẹ́yìn yẹtí tí Iye fi sí mi, nǹkan míì ò wọ ibẹ̀ mọ́." Iye là ń pe ìyá wa. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti dárúkọ Iye sí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ̀rù wá bà mí. Ọjọ́ orí mi kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń gun ọ̀nà Jọ́ọ̀sì lemọ́lemọ́. Bí mo bá padà láì rí ohun tí yóò gbé ọ̀rọ̀ mi dé etí wọn, àmín nìkan ni yóò kù láàárín àwa ọmọ ìyá méjì, títí ọ̀kan yóò fi sùn.

Ràfíátù ló dá a lábàá. "Ẹ ra sípíkà. Tẹlifíṣọ̀n á máa gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, fóònù náà á máa gba inú rẹ̀. Nùrúdíìnì, àbúrò ọkọ mi, ń tà á ní Ìkọ̀lé."

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ mọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù Nùrúdíìnì. Ó na ọwọ́ lọ sídìí ògiri, ó wọ́ sípíkà kan jáde tó ga dé àyà mi, tó ní táyà nídìí, tí iná aláràbarà ń sáré yí ojú rẹ̀ ká. Ó tàn án. Àwọn agolo orí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé àyà.

"Nùrú, pa á."

"Kò dáa ni, Màmá? Èyí ni gbogbo ayé ń rà o. Bẹ́ ẹ bá tàn án ní Ìtapàjí, wọ́n á gbọ́ ọ ní Òmù."

"Kí ará Òmù lọ ra tiwọn. Mo ní kó o fún mi ní èyí tó ń sọ̀rọ̀. Èyí ń gúnyán ni."

Àwọn tó dúró síta bú sẹ́rìn-ín. Ràfíátù di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, agúnyán lorúkọ sípíkà ńlá yẹn lẹ́nu gbogbo wa.

Nùrúdíìnì gbé òmíràn wá, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìkélé, tí wọ́n ń tẹ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ là díẹ̀, owó rẹ̀ sì rọ̀, àmọ́ kò mọ fóònù rárá. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Mo mi orí. Ó wá fi ìlọ́ra mú àpótí kékeré méjì wálẹ̀, dúdú, onípákó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju Bíbélì ńlá orí pẹpẹ ìwàásù lọ. Wáyà kan so ọ̀kan mọ́ èkejì.

"Èyí ní agbára tirẹ̀ nínú," ó ní. "Kò nílò ẹ̀rọ míì tí yóò máa tì í lẹ́yìn. Ẹ ki í bọ iná, ẹ fa wáyà kan sí tẹlifíṣọ̀n. Fóònù ní tiẹ̀, búlútúùtù ni, kò nílò wáyà. Àmọ́ kò níná tó ń ṣẹ́jú o, kò sì lè milé."

"Ta ló fẹ́ kó milé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ràfíátù, fi alámọ̀ yẹn sí i."

Inú fóònù Ràfíátù ni alámọ̀ náà wà. Ó gbà á sílẹ̀ níbi ìsìnkú kan ní Òmù, níbi tí obìnrin kan ti ń lé orin, tó ń to ìran òkú náà ní ẹsẹẹsẹ bí àwọn obìnrin wa ṣe máa ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi náà lé alámọ̀ nígbà ọ̀dọ́ wọn, kò sì sí ìdílé tí wọn ò mọ orírun rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n di ojú. Ètè wọn ń mì tẹ̀lé e. Lójijì, wọ́n lajú.

"Ó ṣì í! Ó fo baba ńlá wọn kan! Akínbọ̀dé ló bí Morákinyọ̀ kí Morákinyọ̀ tó bí èyí tó ń pè yẹn. Ta ló kọ́ ọmọ yìí lálámọ̀?"

Èmi àti Ràfíátù wo ara wa. Ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Nùrúdíìnì dá iye kan lé e, ẹ̀gbọ́n mi ní kó má fi ojú Jọ́ọ̀sì wo àbúrò àwọn o, ó rẹ́rìn-ín, ó dín in kù. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti agúnyán rárá.

Bí a ṣe délé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèrànwọ́ ju wáyà fífà lọ. "Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Pálọ̀ mi ni." Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì, mo bọ́ síta sábẹ́ igi ọsàn, mo pe fóònù wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Àmín o."

Mo sáré wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ìkòkò omi. Ràfíátù gbaná jẹ. "Nùrú ti pààrọ̀ rẹ̀! Èmi aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Ẹ gbé e, ká lọ!" A gbé e padà sí Ìkọ̀lé. Nùrúdíìnì fi Ọlọ́run búra, ó ki í bọ iná, ohùn là gaara bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ojú tì wá. Ó ní bóyá iná Ìtapàjí ni kò bá a lára mu. A gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n mi tún un tò. Iná dé. Inú ìkòkò omi náà ló tún wà.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́, Olúdáre. Etí mi ni. Níwájú àwọn èèyàn lọ́jà, ojú ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó délé, ó rẹ̀ ẹ́. Padà sídìí uṣẹ́ rẹ. Èmi á máa ṣàmín."

Mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí iṣẹ́ kankan tí mò ń padà sídìí rẹ̀.

Ràfíátù sún mọ́ wọn láti pẹ̀tù sí wọn nínú. Ó na ọwọ́ láti fa ìbòrí kúrò lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá Ṣọlá, ta ló wọṣọ fún àwọn ọmọ yìí?"

Èmi náà wò ó, mo sì rí ohun tí mo ti ń rí láti àná. Gbogbo nǹkan inú pálọ̀ yẹn ló wọṣọ: fíríìjì wé gèlè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn àga ní aṣọ léjìká, tẹlifíṣọ̀n pàápàá ní ìbora fún ìgbà tí kò bá sọ̀rọ̀. Nílùú wa, nǹkan tuntun kì í dúró níhòòhò. Àpótí méjèèjì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ilé iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ta aṣọ kíjìpá lé orí ọ̀rá náà, wọ́n so ó nídìí bí ìró. Ojú wa ti mọ aṣọ débi pé a ò rí i.

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ kí eruku jẹ wọ́n?"

"Bí mo bá fi ìbòrí yìí di ẹnu, tí mo tún ki orí bọ inú ọ̀rá, ṣé ẹ ó gbọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ tún etí aṣọ náà ṣe.

"Ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?" ni mo bi wọ́n. "Kò wọṣọ níbẹ̀."

"Mo bọ́ aṣọ àti ọ̀rá sílé ni. Ṣé aṣọ Iye ni kí n gbé lọ kí wọ́n fi ọwọ́ pa ní Ìkọ̀lé?"

Mo wá mọ aṣọ náà. Iye ló fi ọwọ́ ara wọn hun ún, aláwọ̀ aró onílà funfun. Òun ni wọ́n fi bo rédíò tí Bàbá rà nígbà tí a wà ní kékeré. Bí ìròyìn bá tó, Iye á gbé etí aṣọ náà sókè pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, gbogbo wa á dákẹ́. Bí ìròyìn bá parí, wọ́n á dà á bò ó.

A jà díẹ̀ lórí ọ̀rá. Wọ́n ní ọ̀rá ló ń jẹ́ kó jẹ́ tuntun. Mo ní ẹ jẹ́ kó gbó, ká sì jọ máa gbó lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo fa ọ̀rá ya. Aṣọ Iye ní tirẹ̀ dúró síbẹ̀, mi ò jẹ́ dábàá pé kí wọ́n ká a. Wọ́n kàn gbé iwájú rẹ̀ sókè, wọ́n dà á sẹ́yìn àpótí náà, bí Iye ti ń ṣe é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún ṣe fíìmù ọjọ́sí. Ọkùnrin yẹn wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí, wọ́n tẹ́tí, wọ́n wá yíjú pẹ̀lẹ́.

"Ràfíátù. Ewúrẹ́ dà?"

Ràfíátù ti sá dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ mi sí Jọ́ọ̀sì, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pè wọ́n. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni aṣọ tó ń fẹ́ wẹ́rẹ́, ẹnì kan ń gbé etí kíjìpá sókè. Lẹ́yìn náà, "Ó yá, wí."

"Orókún ṣì ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi." Mo dúró de àmín.

"Èwo nínú ẹ̀? Ti òsì, tó o fi gúnlẹ̀ nígbà tó o já látorí igi irú bàbá Oyèbánjí? Mo kìlọ̀ fún ọ lọ́jọ́ náà. Fi òrí gbígbóná pa á. Kí ló sì dé tó ò ń pariwo? Mo ń gbọ́ ọ."

Mo kàn sọ èyí tó dé ẹnu mi, pé kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún fojú kan ara wa.

"Àmín," ni wọ́n wí. Mo sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́ àdúrà náà látòkèdélẹ̀.